Onídìrí ọkùnrin ní Challenge: orí ò fọ́ mi, àmọ́ ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ irun tó dáa, tí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lo pánádò kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ lọ bá bọ̀ọ̀dá yìí. Tó bá jẹ́ pé òde ló wà lọ́rùn yín lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ má débẹ̀ rárá o, wọ́n á ti pín ìrẹsì tán kẹ́ ẹ tó kúrò lórí àga.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ò jìnnà sí ráńdábáòtù Challenge n'Ìbàdàn, níbi tí ère Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn láyé ọjọ́un, wà. Ẹ wọ Micra láti Mólété, ẹ sọ̀ níbẹ̀, ẹ bèèrè onídìrí ọkùnrin, wọ́n á júwe ẹ̀. Àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín júwe ẹ̀, àwọn ìyá kan á kọ́kọ́ wò yín látòkè délẹ̀ ná, àfi bíi pé ẹ̀yin lẹ ní kó lọ kọ́ṣẹ́ obìnrin. Mi ò kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù síbí torí òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n má kọ ọ́, ó ní èrò tó ń wá báyìí gan apá òun ò ká a.

Ọkùnrin ni lóòótọ́ o, kì í ṣe ọmọdé, onírùngbọ̀n, ọwọ́ ẹ̀ tóbi débi pé tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́nà ẹ máa rò pé bíríkìlà ni. Ìyá ẹ̀ ló ń dìrun fún gbogbo àdúgbò nígbà tó wà ní kékeré, òun ló máa ń bá ìyá mú òwú dání, nígbà tójú ìyá ò wá ríran dáadáa mọ́ òun ló ń bá a la ojú irun, bó ṣe mọṣẹ́ nìyẹn. Bàbá ẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wọ́n sanwó ìkọ́ṣẹ́, ó sá. Wọ́n mú un padà, wọ́n bẹ ọ̀gá, ó tún sá. Ó ní títí dòní, táwọn ará ilé bá bi bàbá òun pé iṣẹ́ wo lọmọ yín ń ṣe, bàbá á ní ó ń ta ìpara ní Challenge. Ìpara kẹ̀! Bàbá ò kúkú parọ́ tán, torí ìpara wà lójú wíńdò lóòótọ́, ìgò mẹ́ta, ó ti gbẹ.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí ibẹ̀ lowó mi lọ. Kì í fi òòyà ya irun bí ẹni tó ń wú ẹ̀gẹ́. Ó máa kọ́kọ́ wọ́n omi sí i, ó máa fi ìka tú u láti ṣóńṣó wá sídìí, tó bá kan ibi tó ta kókó ó máa dúró, ó máa di ìdí irun yẹn mú kó tó fi òòyà kàn án, kó má bàa fa èèyàn lórí. Ó máa ń lẹ òrí mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ẹ̀, ìka ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, tó bá ti la ojú irun kan, á fi òrí pa á kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Ojú irun yẹn gún, mo ní kí wọ́n ya ìpàkọ́ mi ní fótò, mo wò ó títí. Atáṣímẹ́ǹtì ńkọ́? Kì í ki í bọ ìdí irun, irun tèèyàn gan-an ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á dì í lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin kó tó wá máa fi atáṣímẹ́ǹtì kún un ní tín-ín-tín, torí náà kò sí ẹrù lórí ìdí irun. Níbi tí mò ń lọ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá dìrun fún mi tán, ojú mi á fà sókè débi pé mi ò ní lè pa á dé dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan ni màá fi sùn, tí mo bá sì ráhùn wọ́n á ní kí n fara dà á, pé bí irun tó dáa ṣe ń ṣe nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ tí bọ̀ọ̀dá yìí dì í fún mi, mo gbórí lé ìrọ̀rí, mo sùn fọnfọn.

Kì í sì ṣe ghana weaving nìkan ló mọ̀ o. Ó ń di ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ó sì ń kórun lówùú, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń ṣí sàlúùnù kiri ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ tó dáa nìkan, agídí ẹ̀ ni. Bọ̀ọ̀dá yìí kì í gbọ́ ti kọ́sítọ́mà. Sátidé kan tí mò ń dúró kó kàn mí, ìyá kan mú ọmọbìnrin ẹ̀ wá, ọmọ náà á tó bí ọdún mẹ́fà, ó ní kí wọ́n di ghana weaving wẹ́wẹ́ fún un, kí wọ́n fà á dáadáa kó lè pẹ́ lórí, torí òun ò ráyè wíwá ní gbogbo ìgbà. Bọ̀ọ̀dá ṣí fìlà orí ọmọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀, ó rọra tẹ orí ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ wo ibí mà." Gbogbo wa náà na ọrùn. Irun ẹ̀bátí ọmọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, awọ orí ibẹ̀ ń dán, róro kéékèèké tò sí ìdí ìwọ̀nba tó kù. Ó ní òun á bá a fi òwú kó o wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n ní kóun dì yẹn, òun ò ní dì í. Ìyá ọmọ ní ṣé àyẹ̀wò lòun ní kó ṣe fọ́mọ ni, ṣebí irun lòun ní kó dì. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò ní dì í." Ìyá ní òun lòun ń sanwó. Ó ní, "Mo mọ̀ mà." Ìyá bá yọ owó, ó kà á sórí àga lójú gbogbo wa, 7,000 náírà. Bọ̀ọ̀dá ò tiẹ̀ wojú owó yẹn, ó ti padà sídìí irun ẹni tó wà lórí àga. Ìyá kó owó ẹ̀, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó rọ̀jò èébú sílẹ̀ fún wa kó tó kọjá gọ́tà.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ṣọ́ọ̀bù fi gbaná. Àǹtí tí wọ́n ń di ṣùkú fún ní ohun tí bọ̀ọ̀dá ṣe yẹn ò dáa, pé ọba ni kọ́sítọ́mà, ohun tó bá ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ṣe. Màmá àgbàlagbà kan tó wá kórun, ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, wọ́n ní, "Ọba kẹ̀?" Wọ́n ní l'Ọ́yọ̀ọ́ láyé ọjọ́un, tí Aláàfin bá ti ń ṣi agbára lò, Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn àwọn ìjòyè afọbajẹ, á forí korí, Baṣọ̀run tó jẹ́ olórí wọn á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, ìyẹn ni pé ìlú ti kọ̀ ọ́, ikú ló kù fún un. Pé tí kọ́sítọ́mà bá wá jọba, kó rántí pé wọ́n máa ń kọ ọba o. Ẹ̀rín pa wá. Àǹtí ò gbà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ máa kọ̀ sáwọn aláṣẹ lẹ́nu kó lọ bi Ẹfúnṣetán tó dúró síta níbẹ̀ yẹn, ṣebí òun náà ṣagídí sí Ààrẹ Látòóṣà tó jẹ́ olórí Ìbàdàn nígbà yẹn, wọ́n yọ ọ́ nípò Ìyálóde, wọ́n sì pa á ní 1874. Màmá ní, "Ta ni wọ́n gbé ère ẹ̀ sí ráńdábáòtù? Látòóṣà dà ní Challenge?" Àǹtí ò rí èsì fọ̀.

Èmi ò dá sí i, torí ó ku ẹni kan kó kàn mí, àmọ́ ẹ̀yìn màmá ni mo wà. Ohun tí bọ̀ọ̀dá rí lórí ọmọ yẹn, àwọn dókítà awọ ara mọ̀ ọ́n dáadáa, traction alopecia ni wọ́n ń pè é. Irun tí wọ́n bá ń fà léraléra, ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ máa wú, á máa yọ róro, tí wọ́n bá tètè yéé fà á á padà hù, àmọ́ tí wọ́n bá fà á fún ọdún mélòó kan, ojú ibẹ̀ á dápàá, kò tún ní hù mọ́. Ọ̀pọ̀ onídìrí náà ń rí i, wọ́n kàn ń panu mọ́ gbowó ni.

Àwọn èèyàn rò pé agídí bọ̀ọ̀dá yìí ni pé ó jẹ́ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ obìnrin. Lójú tèmi o, ìyẹn gan ni kékeré ẹ̀. Ta ló tiẹ̀ sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ irun dídì? Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ò ha dìrun ni? Ọkùnrin ni wọ́n, irun orí wọn sì tún mọ́ ju tàwa míì lọ. Ibi tó le ni kéèyàn wo owó lórí àga, kí lánlọ́ọ̀dù máa pè é lórí fóònù (mo gbọ́, ó pè lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dìde), kó tún ní òun ò ṣe.

Ó sì mọ ibi tó ń ṣagídí dé. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí ò fẹ́ kí ọkùnrin rí irun wọn máa ń wá, kì í bá wọn jiyàn, kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ta kọ́tìnì sápá kan, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń ṣe tiwọn níbẹ̀, ọwọ́ ọmọ yẹn náà dáa. Ọmọkùnrin kan náà ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ṣì ń tijú, táwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá ń kọjá á sáré mú ìgbálẹ̀. Ti àwọn ọkọ wá ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọkọ oníbàárà kan bá a wá láti wá ṣọ́ ọ, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo bọ̀ọ̀dá bàìbàì, kò pẹ́ tó fi sùn lọ, àfìgbà tí ìyàwó ẹ̀ jí i pé kó wá sanwó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá síbi tó dùn mí. Àsìkò! Bọ̀ọ̀dá á ní kẹ́ ẹ wá ní agogo mẹ́sàn-án, ẹ máa débẹ̀ ẹ máa bá èèyàn mẹ́rin tóun náà ní kí wọ́n wá ní agogo mẹ́sàn-án, gbogbo yín á jọ máa wojú ara yín. Nígbà tó fi máa kàn mí, ebi ti ń pa mí débi pé mo ra gúgúrú lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, mo jẹ ẹ́ tán, mo tún ra òmíràn. Mo sọ fún un lójú ẹ̀, mo ní tó o bá kọ̀ fún kọ́sítọ́mà torí orí ọmọ ẹ̀, mo gbóṣùbà fún ẹ, àmọ́ àsìkò tí ìwọ fẹnu ara ẹ dá, tó ò wá tẹ̀ lé e, ìyẹn kì í ṣe ìgboyà o, ìrẹ́jẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á tún un ṣe. Kò tíì tún un ṣe. Fáànù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ojú ẹ̀ sì kọ sí òun fúnra ẹ̀, tíná bá lọ kì í tètè tan jẹnẹrétọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò sí, ẹ máa bẹ àwọn tó ń ta páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni.

Iye owó: ghana weaving 7,000, ṣùkú 5,000, kíkó 3,000, atáṣímẹ́ǹtì lọ́tọ̀. Ẹ má ná an, kì í dín in. Màmá ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn ná kíkó bọ̀ sí 1,500, nígbà tó kọ̀, wọ́n ní àwọn náà á di Àgbẹ́kọ̀yà, òkè mẹ́fà làwọn máa san. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn ti mọ̀ ọ́n, ìjà owó orí 1968 sí 1969, táwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, làwọn máa san, tí wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, tí ìjọba fi padà dín owó orí kù. Ti bọ̀ọ̀dá yìí yàtọ̀ sí ti ìjọba o, ó rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú ẹ̀, ó sì gba 3,000 ẹ̀ pé.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, ọ̀kan tó kù wà lọ́dọ̀ agogo. Ẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, èrò kì í pọ̀, Sátidé ò ṣe é lọ, kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ra atáṣímẹ́ǹtì yín láti Dùgbẹ̀ wá, ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ọ̀dá fi 500 náírà wọ́n ju tọjà lọ.