Tọ́sídò tí mo rán ní Yaba

Bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, tí ìwé ìpè òde alẹ́ sì máa ń dé ọwọ́ yín lọ́dọọdún, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tọ́sídò, kóòtù dúdú òde alẹ́ pẹ̀lú bóò táì, ni kí ẹ wọ̀, ẹ má yá a mọ́. Ẹ rán tiyín. Bí ẹ bá wà ní Èkó, mo mọ ẹni tó lè rán an fún yín kó sì mọ́ra. Télọ̀ kan ni, lẹ́yìn ọjà Tẹ́júoṣó ní Yaba, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Súùtù nìkan ló ń rán. Bí ẹ bá gbé léèsì lọ bá a, á júwe ẹlòmíràn fún yín.

Akọrin ni mí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin kan níbí. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, a máa ń kọrin ní MUSON Centre, gbọ̀ngán orin tó wà ní Oníkan, a sì máa ń kọrin ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá. Kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bóò táì ni aṣọ gbogbo àwa ọkùnrin. Aṣọ iṣẹ́ ni tọ́sídò jẹ́ fún mi, mo sì ti yá a wọ̀ títí tó fi sú mi.

Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún un lápá, á ṣo ó lọ́rùn. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Èyí tí mo máa ń yá, èjìká rẹ̀ gbòòrò ju tèmi lọ, àyà rẹ̀ sì há. Bí mo bá gbé ìwé orin sókè báyìí, gbogbo kóòtù á gbéra tẹ̀ lé apá mi, ọrùn mi á rì sínú rẹ̀. Píìnì ni wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò fúnni. Lábẹ́ abíyá, òórùn lọ́fíńdà ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí mo ti ń yá a, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí ọ̀sán pọ́n tí èèyàn kò tíì dá a padà, wọ́n á gé nínú owó ìdógò. Ẹni tó kọrin títí di aago mọ́kànlá alẹ́ á wá máa sáré nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ àárọ̀ nítorí aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n ti ń yá a o. Ní London, ilé Moss Bros ti ń yá àwọn ọkùnrin ní aṣọ alẹ́ láti 1897. Ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, kí ó yá a, kò burú rárá. Àwa tí a ń wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún ni mò ń bá wí.

Bí mo bá dá a lábàá fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, èsì kan náà ló ń tẹnu gbogbo wọn jáde: “Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́dún?” Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ẹ lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ẹni tó ń sọ ọ́ wò. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ti àádọ́ta ọdún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ra léèsì, ó ra fìlà, ó sanwó ìránṣọ, ó wọ̀ ọ́ ní Sátidé kan, ó parí. Kò sí ẹni tó bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Àwọ̀ léèsì yẹn ti so mọ́ òde ọjọ́ náà, bó bá tún wọ̀ ọ́ lọ síbòmíràn, wọ́n á ní, “Ṣebí ti ìyá Lágbájá nìyẹn?” Kóòtù dúdú kò so mọ́ òde kankan. Ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, kò sí ẹni tó máa dá a mọ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra aṣọ ẹbí. Ìfẹ́ ni, mo sì ń rà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọkùnrin tó lè ná irú owó bẹ́ẹ̀ sórí aṣọ Sátidé kan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé aṣọ ogún ọdún ti wọ́n jù.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ẹnu ayé. Wọ́n rò pé gómìnà àti àwọn olóríire ló ń ní tọ́sídò nílé. Àwọn kan sì ní ikùn àwọn ń yọ síwájú, bí àwọn bá rán an lónìí, kò ní wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Eléyìí ni mo gbé lọ bá bàbá télọ̀, ó sì fi hàn mí: ó fi àyè sílẹ̀ nínú ojú ìrán ẹ̀yìn ṣòkòtò àti ẹ̀gbẹ́ kóòtù, èyí tí a lè tú kó fẹ̀ sí i. Ṣọ́ọ̀bù ayánilásọ kò lè ṣe ìyẹn fún yín láéláé.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán ọkùnrin yìí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí. Kò tíì mú téèpù rárá tó fi ní, “Kí lẹ máa ń ṣe nínú aṣọ náà?” Mo ní orin ni mò ń kọ. Ó mi orí. Nígbà tí mo padà lọ dán an wò, kóòtù náà ò tíì jiná, òwú funfun ni wọ́n fi gán an, apá kan ṣoṣo ló sì ní. Ó wọ̀ ọ́ sí mi lára. Ó ní, “Ẹ mí bí ẹ ṣe máa ń mí tí ẹ bá fẹ́ kọrin.” Mo mí. “Ẹ gbé ìwé yín sókè.” Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni di ìwé mú. “Ẹ kọ ọ́, kí n gbọ́.” Mo kọrin níwájú díńgí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ dá máṣíìnì dúró, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wo abíyá mi. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan, ó fi bíléèdì tú òwú, ó sì gbé ihò apá kóòtù náà ga sí i. Ihò apá tó bá wálẹ̀ jù ló máa ń fa gbogbo kóòtù sókè béèyàn bá gbé ọwọ́. Bó bá sún mọ́ abíyá, apá á lọ, kóòtù á dúró sí àyè rẹ̀. Mo fẹ́ fa ikùn sínú, ó rí mi. “Ẹ má fà á sínú o, ọ̀gá mi. Aṣọ yìí máa bá yín jẹun.”

Nǹkan kejì ni àyà kóòtù. Ọ̀pọ̀ télọ̀ wa, gọ́mùsítéè, aṣọ inú tó ní gọ́mù lára, ni wọ́n máa ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yá, ó sì máa ń le dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí dírákílínà bá fọ̀ ọ́ mélòó kan, gọ́mù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, àyà kóòtù á máa wú kékèèké bí ara àkàrà. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni bàbá fi rán káńfáásì, aṣọ inú tí kò ní gọ́mù, sí àyà tèmi. Mo jókòó tì í, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kì í kánjú.

Ó fi láínì sí ẹ̀yìn kóòtù dé ìdajì péré nítorí ooru, ọgbọ́n tó dára púpọ̀ fún Èkó, nítorí a kì í mọ ìgbà tí iná máa lọ tí éèsì á kú. Ẹ̀yìn kóòtù náà kò là. Bọ́tìnnì kan ló ní níwájú, ó fi sátíìnì bò ó. Sátíìnì ọrùn rẹ̀ kì í dán jù. Ó ní iná orí ìtàgé máa ń sọ èyí tó ń dán di funfun nínú fọ́tò. Ṣòkòtò kò ní ojú bẹ́líìtì, ìlà sátíìnì kan péré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ kọrin, mo mí títí dé ìsàlẹ̀ ikùn, ohunkóhun kò fún mi. Bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Henry Poole, ilé télọ̀ kan ní Savile Row, London, ló rán irú kóòtù kúkúrú yìí fún Edward, àrẹ̀mọ Ọbabìnrin Victoria, ní 1865, kí ó lè bọ́ kóòtù onírù, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn wálẹ̀, sílẹ̀ bó bá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹun alẹ́. Aṣọ ìgbádùn ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní aṣọ òyìnbó ni, agbádá ni tiwa. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ti pẹ́ ní Èkó. Mojola Agbebi, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó ń jẹ́ David Brown Vincent tẹ́lẹ̀, pa orúkọ òyìnbó yẹn tì ní 1894, aṣọ ilẹ̀ wa ló sì ń wọ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń làágùn nínú kóòtù. Herbert Macaulay ní tirẹ̀, bóò táì ló wà lọ́rùn rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ àwòrán, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò bá ìjọba òyìnbó fà á. Ẹni tó bá ní ẹtù tàbí sányán tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, kí ó wọ̀ ọ́ lọ sí òde alẹ́ náà, á yẹ ẹ́. Kódà níbi àsè ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm, wọ́n gba aṣọ ìbílẹ̀ láàyè dípò kóòtù onírù. Ẹtù yẹn gan-an ló gbè mí lẹ́yìn. Wọ́n rán an, wọ́n pa á mọ́, ọmọ wá jogún rẹ̀. Kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún kóòtù?

Bàbá yìí ní àléébù tirẹ̀. Kò yára, iṣẹ́ mi lé ní oṣù kan. Kì í rán ṣẹ́ẹ̀tì. Bóò táì onírọ́bà tó fi kún un kò dára, mo ra èyí tí à ń fọwọ́ ta ní Balógun, níbi tí mo ti ra aṣọ kóòtù náà. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, aṣọ, láínì àti owó iṣẹ́, kò tó 200,000 náírà. 30,000 ni mo ń san fún alẹ́ kan láti yá èyí tí kò bá mi mu.

Bó bá ti di oṣù kọkànlá, kóòtù àwọn ọkọ ìyàwó ló máa ń kún ọwọ́ rẹ̀, kì í gba iṣẹ́ tuntun mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ tirẹ̀ ní Kérésìmesì, kí ó ti gbé aṣọ lọ bá a ní oṣù kẹsàn-án.