Kẹ̀kẹ́ oníná, sìkútà oníná, ọkọ̀ oníná: èwo ló máa bá yín gbé?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun ìrìnnà tó ń lo iná, ohun méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè: báwo ló ṣe ń sáré tó, àti pé tí iná rẹ̀ bá kún, ibo ló lè gbé mi dé? Èmi náà bèèrè bẹ́ẹ̀. Mo ra sìkútà adúrógùn, mo tà á, mo ra kẹ̀kẹ́ oníná, ọkọ̀ oníná kan sì wà nínú ilé báyìí tí gbogbo wa jọ ń wà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sí ọ̀kan nínú ìbéèrè méjèèjì yẹn tó ń mú inú mi dùn tàbí tó ń bí mi nínú mọ́. Ibi tí nǹkan náà ń sùn ló ń ṣe é, àti ẹni tó máa gbé e gun àtẹ̀gùn, ẹni tó máa lẹ táyà rẹ̀, àti ibi tí màá so báàgì tẹ́níìsì mi mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ fi wọ́n wéra fún yín.

Ibi tó máa sùn

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò gùn níbí. Tí ẹ bá ní ààyè ìgbọ́kọ̀sí tí iná dé, ó gbádùn mọ́ni púpọ̀: ẹ máa ki okùn bọ̀ ọ́ lálẹ́, ẹ máa jí bá a ní kíkún, ilé epo á di ibi tí ẹ kàn ń wò kọjá. Ihò iná lásán nínú ilé ń fún un ní nǹkan bíi kìlówáàtì 2 sí 3, òru kan sì lè dá bíi 100 kìlómítà padà sínú rẹ̀. Àpótí ṣájà tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tó jẹ́ kìlówáàtì 7, ń ṣe ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ títì ló ń gbé ọkọ̀ sí, tó sì fẹ́ gbára lé ibi ìṣáájì gbogboogbò, kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣájà ayára ibẹ̀ máa ń sáré títí bátìrì fi máa tó ìdá 80 nínú 100. Ìdá 20 tó kù, ìrìn ìgbín ni.

Kẹ̀kẹ́ oníná sábà máa ń wúwo tó kílò 20 sí 28. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa gbé kọ́ èjìká gun àjà kẹta. Àmọ́ bátìrì ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé yọ. Kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni: ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ẹ fà á yọ, ẹ gbé e wọlé bí ẹni gbé ìgò omi ńlá, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Tí bátìrì èyí tí ẹ ń wò kò bá ṣeé yọ, tí iná kò sì sí níbi tí ẹ máa dè é mọ́, ẹ má rà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Sìkútà ni gbogbo èèyàn rò pé ó rọrùn jù, torí pé ó ṣeé ká. Ó ṣeé ká lóòótọ́, ó sì ń wọ abẹ́ tábìlì. Xiaomi M365 tó jáde lọ́dún 2016, tí ọ̀pọ̀ èyí tó tẹ̀lé e fi ṣe àwòkọ́ṣe, jẹ́ kílò 12 àti ààbọ̀. Èyí tó bá ń rìn jìnnà jù ú lọ sábà máa ń wúwo jù ú lọ, àwọn mìíràn tiẹ̀ lé ní kílò 18. Ẹ wá gbé e gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí òjò rọ̀: ọ̀pá rẹ̀ á máa gbá yín lójúgun ní gbogbo ìgbésẹ̀, táyà ẹ̀yìn á máa fi ẹrẹ̀ kun ṣòkòtò yín, ọwọ́ kejì á sì máa wá kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹlẹ́rù ní í gbé e ká tó bá a gbé e, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí aládùúgbò tó bá ẹnikẹ́ni gbé sìkútà.

Kìlómítà ara páálí

Ẹ má wo iye kìlómítà tí wọ́n kọ sára páálí. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ wá lára bátìrì: fóltì rẹ̀, àti Ah rẹ̀ (ampere-hour, ìwọ̀n iná tó lè gbà). Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ óò rí Wh (watt-hour), ìyẹn bí agbára tó wà nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bátìrì kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ fóltì 36 àti Ah 14 máa fún yín ní 504 Wh. Kẹ̀kẹ́ oníná tí ẹsẹ̀ yín náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi 10 Wh ní kìlómítà kan. Sìkútà, tí ẹnikẹ́ni kò ràn lọ́wọ́, ń jẹ 15 sí 20. Ọkọ̀ ń jẹ 150 sí 200. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ yẹn máa rin bíi 50 kìlómítà. M365 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bíi 280 Wh ló wà nínú rẹ̀. 30 kìlómítà ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ ẹni tó sanra díẹ̀, tí ọ̀nà rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á rí nǹkan bíi 18. N kò ní irọ́ ni wọ́n pa. Èèyàn tó fúyẹ́, ilẹ̀ tó tẹ́jú àti eré pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Òtútù tún máa ń bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀, nínú ọkọ̀ pàápàá, torí ìgbóná inú ọkọ̀ náà ara bátìrì yẹn ló ti ń jẹ.

Ọjọ́ tí iná bá tán lójú ọ̀nà ni ẹ máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kẹ̀kẹ́ á di kẹ̀kẹ́ lásán tó wúwo. Ẹ óò làágùn, ẹ óò sì délé. Sìkútà á di irin tí ẹ̀ ń tì. Mo ti ti tèmi fún kìlómítà mẹ́rin, mo sì rántí ohun tí àwọn àgbà wí, pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọkọ̀ ní tirẹ̀, ọkọ̀ mìíràn ló máa wá gbé e.

Bó ṣe rí lábẹ́ ẹni

Ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ oníná máa sọ fún yín bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Oríṣi kan kàn ń wò bóyá pẹ́dàlì ń yí. Tó bá ti ń yí, á tì yín, ì báà jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ rọra yọ láàárín èèyàn. Ó máa ń lọ́ra kó tó bẹ̀rẹ̀, á tún lọ́ra kó tó dáwọ́ dúró. Oríṣi kejì ń wọn bí ẹsẹ̀ yín ṣe tẹ pẹ́dàlì tó, á sì fi tirẹ̀ kún un ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá gun èyí á rò pé ara òun ló ṣàdédé le. Òkè kan wà tí mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ mi gùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun èyí débẹ̀, ẹ̀rín ni mo rín dókè. Oríṣi kejì yìí wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó yẹn kò ṣòfò.

Sìkútà dùn lórí ọ̀dà tó dán. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, kò sí ihò tí táyà kékeré rẹ̀ kì í bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á kú tipiri, bíréèkì òjijì sì lè gbé yín fò kọjá orí ọ̀pá. Ọkọ̀ oníná ní tirẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ rẹ̀ á yí padà, á máa dá iná sínú bátìrì, ọkọ̀ á sì máa rọra dúró fúnra rẹ̀. Ó ń gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó mọ́ni lára, lẹ́yìn náà ọkọ̀ elépo á dà bí ẹran tí kò gbọ́ràn.

Ẹ wo òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó yan eré. Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, kẹ̀kẹ́ tí ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ dúró ní 25 kìlómítà ní wákàtí, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì ju wáàtì 250 lọ, kẹ̀kẹ́ lásán ni wọ́n kà á sí. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti bọ́ sí ìsọ̀rí mìíràn. Sìkútà ni òfin ń lé kiri jù. Paris lé sìkútà àyálò kúrò ní títì lọ́dún 2023 lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú dìbò, ọkọ̀ ojú irin ìlú London kò sì gba sìkútà oníná aládàáni wọlé láti oṣù Kejìlá 2021. Bátìrì kẹ̀kẹ́ náà kì í wọ bàlúù tí èèyàn ń wọ̀, torí ohun tó bá ti ju 160 Wh lọ, wọn kì í gbà á.

Táyà

Tí mo bá sọ pé táyà ni mo torí rẹ̀ ta sìkútà, n kò parọ́. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jò lọ́jọ́ Sátidé kan. Táyà íǹṣì mẹ́jọ àti ààbọ̀ ni, ó kéré, ó sì le bí awọ gbígbẹ. Mo ti í bọ omi gbígbóná kó rọ̀, mo fi irin méjì há a ní ẹ̀gbẹ́, ìkẹta fò jáde, ó gbá mi níka. Nígbà tó di wákàtí kejì, mo ti fi túùbù tuntun sínú, mo ń fa ẹ̀gbẹ́ tó kẹ́yìn wọlé, mo bá gbọ́ "fùùù". Irin yẹn ti gún túùbù tuntun náà. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wò ó. Àwọn kan máa ń lo táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Kì í jò láéláé, ṣùgbọ́n eyín yín ló máa san án.

Táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà láàárín àgbá náà ní wàhálà tirẹ̀, torí wáyà ń gba ibẹ̀ kọjá, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì le. Ọgbọ́n kan wà: ẹ má tú àgbá náà kúrò lára kẹ̀kẹ́ rárá. Ẹ fa ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kúrò nínú ríìmù, ẹ fa túùbù síta níbi tó ti jò, ẹ lẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ìṣẹ́jú ogún ni. Tí ẹ̀rọ bá wà níbi pẹ́dàlì, táyà á yọ wẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ lásán, àmọ́ gbogbo agbára ẹ̀rọ ń gba orí ṣéènì, ṣéènì á sì tètè jẹ. Táyà ọkọ̀ oníná náà sábà máa ń tètè jẹ, torí ó wúwo. Púpọ̀ nínú wọn kì í ní táyà ìpamọ́. Ẹ wo inú búùtù rẹ̀ kí ẹ tó gbà á.

Ẹrù eré ìdárayá

Báàgì tẹ́níìsì lórí sìkútà: tí ẹ bá gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ọwọ́ rákẹ́ẹ̀tì á máa gbá yín ní ìpàkọ́, tí ẹ bá so ó mọ́ ọ̀pá iwájú, á máa mì, á sì máa yí ọ̀pá mọ́ yín lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù inú àwọ̀n tiẹ̀ burú jù. Sìkútà kì í ṣe fún eléré ìdárayá, àfi ẹni tí gbogbo ẹrù rẹ̀ jẹ́ bàtà kan àti tówẹ́ẹ̀lì.

Kẹ̀kẹ́ ló gba ipò kìíní lójú tèmi níbí. Ẹ wo iye kílò tí wọ́n tẹ̀ sára irin ìgbẹ́rù ẹ̀yìn rẹ̀. 25 ni mo máa ń rí jù. Báàgì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan fún bàtà, ọ̀kan fún aṣọ tó ti rin fún òógùn, kí wọ́n má pàdé. Bí mo bá ń lọ, màá fi ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ sí kékeré kí ara lè gbóná. Bí mo bá ń bọ̀, tí itan ti kú, màá fi sí òkè pátápátá. Àwọn tó ń sọ pé kẹ̀kẹ́ oníná kì í ṣe eré ìdárayá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gùn ún fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Akoto ṣì ṣe pàtàkì, èyí tó bá sì ti gbá ilẹ̀ kíkankíkan lẹ́ẹ̀kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kódà bí ẹ kò rí ibi tó sán.

Ọkọ̀ ń gbé ohun gbogbo. Àwọn kan tún ní àyè ẹrù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú: ibẹ̀ ni kí ẹ sọ bàtà bọ́ọ̀lù tó rùn sí.

Bátìrì

Ẹ lo ṣájà tó bá a wá nìkan, ẹ má sì fi sí iná lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ máa sá gbà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Iná bátìrì lithium kì í ṣe ohun àwàdà. New York City ṣòfin lọ́dún 2023 pé kẹ̀kẹ́ oníná tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yege ìdánwò ààbò tí wọ́n ń pè ní UL 2849. Ẹ wá àmì yẹn tàbí irú rẹ̀. Tí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òfo. Ẹ má ṣáájì rẹ̀ nígbà tí ó bá tutù dé ìwọ̀n tí omi ń di yìnyín. Ẹni tó tà mí ní sìkútà fi ọ̀sẹ̀ méje wá ṣájà mìíràn fún mi nígbà tí ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ bèèrè fún ṣájà kejì kí ẹ tó sanwó.

Sìkútà dára fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kúrú, tó tẹ́jú, tí kò ní àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ dára fún ẹni tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí oníná àti ọmọ mẹ́ta. Àwa yòókù, kẹ̀kẹ́ ni. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ fi ojú ara yín wo bó ṣe ń ṣáájì, ẹ gbé e lọ́wọ́ méjèèjì gun àtẹ̀gùn méjì, kí ẹ sì bèèrè kọ́kọ́rọ́ bátìrì. Méjì ló sábà máa ń bá a wá láti ilé iṣẹ́. Tí ẹni tó ń tà á kò bá ní ẹyọ kan, ẹ padà sílé.