Ẹyin ni ká sin sódò, àbí ọmọ ẹja ni ká dà sí i?

Tí ẹja tírọ́ọ̀tì bá ń tán lọ nínú odò orí òkè, ẹyin tó ti yọ ojú (èyí tí ojú ọmọ inú rẹ̀ ti ń hàn) dùn ún sin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, kò sì náni lówó púpọ̀. Nínú omi 10°C, ẹyin máa ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ 30 sí 45 lẹ́yìn tí a da àtọ̀ akọ mọ́ ọn, irú tírọ́ọ̀tì tó bá jẹ́ ló máa sọ ọ́. Omi tó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ á fà á gùn. Ẹrẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀: ó ń dí àlàfo òkúta, atẹ́gùn ò sì ní ráyè wọlé. Ṣa ẹyin tó ti funfun kúrò, torí ó máa ń bu, á sì ran àwọn tó kù.

Ọmọ ẹja tí a tọ́ nínú ọpọ́n bọ́ lọ́wọ́ ewu ẹrẹ̀ yẹn. Àmọ́ kò mọ bí a ṣe ń sá fún ẹyẹ, bí òbí rẹ̀ bá sì kéré níye, àbùdá wọn á jọra jù. Fi àpò olómi tí o fi gbé ọmọ ẹja wá léfòó nínú odò fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 kó tó jáde.

Níbi tí òkúta bá mọ́, ẹyin ni mo fara mọ́.