Tábìlì Ẹlẹ́sẹ̀ Bàtà Mẹ́jọ: Bí Mo Ṣe Lọ Wo Ohun Tí Willie Mosconi Ṣe

Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi wa ọkọ̀ láti ilé mi ní Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio, kí n tó dé gbọ̀ngàn eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe nítorí pé mo ṣaláìrí ibi tí mo ti lè gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì nítòsí. Tábìlì kan ṣoṣo ló fà mí lọ. Tábìlì àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ Brunswick ṣe ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn, ihò igun rẹ̀ sì fẹ̀ tó ínṣì 5¼. Irú rẹ̀ ni Willie Mosconi, ọ̀gá eré yìí ní Amẹ́ríkà, dúró tì ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1954, ní East High Billiard Club ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Ohio yìí kan náà, nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù 526 wọlé léraléra láì tàsé ẹyọ kan. Mi ò ní dárúkọ gbọ̀ngàn tí mo lọ, nítorí pé mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò nípa wọn, ó sì wù mí kí wọ́n tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó ṣe láìjẹ́ pé mo ba ọjà wọn jẹ́.

Kí n tó dé orí ọjà gan-an, ó yẹ kí n ṣàlàyé eré náà fún àwọn ará ilé. Ní ọ̀dọ̀ wa, snúkà ni a ń pe gbogbo ohun tí wọ́n bá ti ń fi ọ̀pá gbá lórí tábìlì, ẹni tó bá sì sọ pé púùlù ni òun ń ṣe, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni etí wa máa gbọ́. Eré tí Mosconi fi di ìlú mọ̀-ọ́n-ká kì í ṣe èyí tí a ń fi owó ta lábẹ́ ìbòrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí ọ̀kan máa gbá bọ́ọ̀lù aláwọ̀ kan, tí èkejì máa gbá bọ́ọ̀lù onílà. Nínú eré tirẹ̀, bọ́ọ̀lù 15 ló wà nílẹ̀ pẹ̀lú funfun kan, èyíkéyìí nínú wọn ló sì lè gbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bọ́ọ̀lù tí òun fẹ́ gbá àti ihò tí yóò wọ̀. Ẹyọ kan tó bá wọlé, àmì kan ni. Nígbà tí 14 bá ti wọlé, tó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, wọn yóò tún to 14 náà padà sínú férémù onígun mẹ́ta, wọn yóò sì fi ẹyọ tó kù sílẹ̀ níbi tó wà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gbá ẹyọ yẹn wọlé, kí bọ́ọ̀lù funfun sì lọ kọlu àwọn tí wọ́n tò kí wọ́n lè fọ́nká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rí òmíràn gbá. Bọ́ọ̀lù 526 túmọ̀ sí 14 lọ́nà 37, kó tún wá ku 8 lẹ́yìn. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà á.

Àwọn tó ń bu iṣẹ́ yẹn kù pọ̀, mo sì wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Ohun tí a máa ń sọ ni pé tábìlì náà kéré, ihò rẹ̀ sì fẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ínṣì 2¼ ni bọ́ọ̀lù kan fẹ̀, nítorí náà méjì lè wọ ihò 5¼ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àyè ṣì máa ṣẹ́kù. Tábìlì tí àwọn ògbóǹtarìgì ń lò lónìí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, ihò rẹ̀ sì há débi pé bọ́ọ̀lù tó bá fara kan etí rẹ̀ díẹ̀ máa ń gbọ̀n jáde. Pẹ̀lú èrò yìí ni mo fi wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo san dọ́là 9 fún wákàtí kan, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ọjọ́ yẹn ni màá gbá ohun tí n kò gbá rí.

Bọ́ọ̀lù 19 ni mo dé. Lórí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án tí mo máa ń lò, mo ti dé 27 rí.

Ó ṣe mí ní kàyéfì, mo sì lo wákàtí kejì láti mọ ìdí rẹ̀. Òótọ́ ni pé ihò náà gba bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń gba àlejò. Bọ́ọ̀lù tí n kò gbá dáadáa pàápàá ń wọlé, mo sì ń tijú díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ṣùgbọ́n iye bọ́ọ̀lù kò dín kù nítorí pé tábìlì kéré. Bọ́ọ̀lù 15 yẹn náà ló wà lórí ilẹ̀ tó kéré, wọ́n sì ń fún ara wọn pọ̀ bí èrò inú mólúè. Ihò gbà mí, àyè ni kò gbà mí. Bí mo bá gbá ọ̀kan wọlé, bọ́ọ̀lù funfun á lọ forí sọ méjì tí n kò fọwọ́ kàn, àwọn tí mo ti fojú sí tẹ́lẹ̀ á sì bọ́ sẹ́yìn ara wọn. Lórí tábìlì ńlá, ènìyàn lè jẹ́ kí funfun rìn díẹ̀ kọjá ibi tó fẹ́, kó sì ṣì rí nǹkan gbá. Níbí, ìwọ̀n ìka méjì tó bá fi kọjá, ó ti há sẹ́yìn bọ́ọ̀lù mìíràn nìyẹn. Tábìlì yìí ń dárí ji ojú tó tàsé, kì í dárí ji ọwọ́ tó le jù. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó owó tí mo san, nítorí n kò lè rí i kọ́ níbòmíràn.

Níbẹ̀ ni mo ti wá lóye Mosconi. Bí ènìyàn bá pín wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí 526, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó kàn bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, àkókò tí wọ́n fi ń to bọ́ọ̀lù sínú férémù sì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń dúró ronú. Ó ti rí bọ́ọ̀lù mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń bọ̀ kó tó tẹ̀ mọ́ ọ̀pá, funfun rẹ̀ kì í sì í rìn jìnnà. Ẹni tó bá wo bó ṣe ń gbá á lè rò pé àwọn bọ́ọ̀lù tó rọrùn nìkan ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́, kò ní mọ̀ pé òun ló ń sọ wọ́n di ìrọ̀rùn. Ní ọjọ́ Springfield yẹn, àṣefihàn ni wọ́n pè é sí, òun àti Earl Bruney, alátakò rẹ̀, sì ń lé àmì 200. Ó kọjá 200, eré ti tán, àwọn tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ lọ, òun náà kò sì gbé ọ̀pá sílẹ̀. Àwọn tó ju 35 lọ nínú àwọn tí wọ́n wò ó fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n búra lé lórí.

Ọmọ Philadelphia ni, wọ́n bí i ní ọdún 1913 sí ìdílé àwọn ará Ítálì tó wá tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ló ni gbọ̀ngàn eré, síbẹ̀ bàbá kò fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan ọ̀pá, ó sì ń kó àwọn bọ́ọ̀lù pamọ́. Ọmọ náà bá lọ ń kó ànàmọ́ òyìnbó nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ó sì fi igi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá. Ìtàn yìí ti di mímọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń gbá eré yìí, n kò sì ní tún un sọ bí kò bá jẹ́ pé ó ṣàlàyé nǹkan kan fún mi lórí tábìlì kékeré yẹn: ànàmọ́ kì í yí tààrà, ẹni tó bá sì fi ànàmọ́ kọ́ṣẹ́ máa tètè mọ̀ pé kí òun má lo agbára. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e síwájú Ralph Greenleaf, tí í ṣe ọ̀gá eré náà nígbà yẹn, láti bá a gbá níwájú èrò. Greenleaf ló borí. Láàárín ọdún 1941 sí 1957, Mosconi gba adé àgbáyé ní ìgbà 15.

Kí n padà sí gbọ̀ngàn. Aṣọ tábìlì náà tuntun, wọ́n sì tẹ́ ẹ dáadáa. Mo yí bọ́ọ̀lù kan jẹ́jẹ́ láti igun dé igun, kò yà sí ẹ̀gbẹ́ kankan, èyí tó fi hàn pé òkúta pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ aṣọ dọ́gba. Rọ́bà etí rẹ̀ ṣì ń ta bọ́ọ̀lù padà bó ṣe yẹ. Ẹni tó tún tábìlì yìí ṣe mọ iṣẹ́, mo fún un ní àmì tó kún. Iná tí wọ́n gbé kọ́ sókè rẹ̀ kò dà bẹ́ẹ̀: apá òsì mọ́lẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ, òjìji sì ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ihò àárín kan, débi pé mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí etí rẹ̀ dájú. Àwọn ọ̀pá tí wọ́n tò sí ara ògiri ló burú jù. Nínú mẹ́jọ tí mo gbé wò, méjì péré ni awọ orí wọn ṣì dára, àwọn yòókù ti le bí èékánná, ṣọ́ọ̀kì kò sì lè lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó bá ní ọ̀pá tirẹ̀, kó mú un dání. Ọmọkùnrin tó ń gba owó jẹ́ ọmọlúàbí, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún àkókò mi nígbà tó rí i pé mo ti lo àkókò púpọ̀ nídìí wíwá ọ̀pá. Apá adìyẹ díndín wọn kò ní iyọ̀, kò sì ní ata. N kò retí ata tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í ṣe ohun tó wọ́n.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò gan-an dá lórí àwòrán Mosconi tí wọ́n gbé kọ́ sí òkè tábìlì náà. Àwòrán náà dára: kóòtù, táì, irun tó ti funfun, ojú tí kò fẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ó máa ń múra bí ẹni tó ń lọ sí báńkì, nítorí ó kórìíra kí wọ́n ka eré yìí kún iṣẹ́ àwọn gbájú-ẹ̀ inú ilé ọtí. Ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ àwòrán ni kò dára. Wọ́n kọ ọ́ pé kò tíì sí ẹni tó gbá jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní. Bí a bá ń sọ iye tó ní ẹ̀rí, èyí jẹ́ òtítọ́ fún ọdún 65, ó sì ti tán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, John Schmidt gbá 626 ní Monterey, ní California, lórí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, kámẹ́rà sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Jayson Shaw, ọmọ Scotland, gbá 714. Kí ni wọ́n ń fi èyí pamọ́ fún? Ó dà bí ẹni pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé iyì Mosconi máa dín kù bí àwọn oníbàárà bá mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, kò dín kù rárá. Schmidt fi ọ̀pọ̀ oṣù gbìyànjú, tó bá tàsé, á tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wá ṣe sì nìyẹn. Mosconi kò wá ohunkóhun lọ sí Springfield ju kó dá àwọn èrò lára yá, kó sì máa lọ sí ìlú tó kàn. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kí àwọn ènìyàn dá a rò fúnra wọn.

Lórí tẹlifíṣàn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi ìtajà, wọ́n ń fi ìdíje ọdún 1978 hàn, èyí tí Mosconi àti Minnesota Fats, agbábọ́ọ̀lù orí tábìlì mìíràn tó lókìkí, gbá ní hòtẹ́ẹ̀lì Waldorf Astoria ní New York, tí Howard Cosell sì ń sọ bó ṣe ń lọ. Fats ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, èrò ń rẹ́rìn-ín. Mosconi, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kàn ń gbá tirẹ̀, inú rẹ̀ sì hàn gbangba pé kò dùn. Mosconi ló borí. Bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Fats ni òun fẹ́ràn ní ọjọ́ yẹn, òun kò sì tíì yí èrò padà. Mo gbà fún un nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ọwọ́ Mosconi.

Mo ti lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta báyìí. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lọ, nítorí pé ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta wọ́n máa ń gbé orin sókè débi pé ẹ kò ní gbọ́ bọ́ọ̀lù tí ẹ gbá, owó wákàtí kan á sì di dọ́là 14. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, kí ẹ dárúkọ tábìlì náà, torí òun nìkan ni irú rẹ̀ tó wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé tó wá ṣe ọjọ́ ìbí sì lè ti gbà á. Ní ìgbà kẹta yẹn, mo mú ọ̀pá tèmi dání, mo fa ọwọ́ sẹ́yìn, mo jẹ́ kí funfun máa rìn ní ìwọ̀n ìka méjì-mẹ́ta péré, mo sì dé 31. Bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ gbá ní ẹ̀gbẹ́ sínú ihò igun ni mo fi tàsé. Bọ́ọ̀lù tó ṣòro tí ènìyàn ní láti gbá ní ẹ̀gbẹ́ ni Mosconi náà fi tàsé ní Springfield, lẹ́yìn 526, mo sì ti ní kí wọ́n fi tábìlì náà pamọ́ fún mi ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.