Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa apá mi kú kí wọ́n tó to egungun

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún kán. Ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìbàdàn ló fi irin tò ó, wọn ò sì kùn mí lóorun.

Dókítà abẹ́rẹ́ gbé ẹ̀rọ skáànù lé kòtò tó wà láàárín ọrùn àti èjìká mi. Mo ń wò ó lójú ẹ̀rọ: abẹ́rẹ́ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, oògùn sì tàn bí omi dúdú yí iṣan ìmọ̀lára ká. Apá kọ́kọ́ gbóná, ó wá wúwo. Mo ní kí ìka ká, ó kọ̀! Mò ń gbọ́ ìró dírílì, èmi àti nọ́ọ̀sì ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ìpénpéjú mi wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ wọ́n ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo jẹ àmàlà lálẹ́ ọjọ́ náà láì bì (ìyàwó mi ló ń fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu).

Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sẹ́ni tó sọ pé kí n ti lo oògùn ìrora kí agbára abẹ́rẹ́ náà tó tán lára mi. Òru ló tán, mo sì ké. Ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì so apá náà kọ́ ọrùn, torí kò ní mọ̀ bó bá kan iná.