Jíìpù Sójà Tòkúnbọ̀: Land Rover, G-Wagen àbí Humvee?

Ẹni tó bá fẹ́ ra jíìpù tí sójà ti lò, kó má tíì bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Kó kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ìṣòro kan ló wà lọ́rùn àwọn ológun kí wọ́n tó ní kí ẹnjiníà jókòó ti bébà, ìdáhùn sí ìṣòro yẹn sì ni ẹ fẹ́ fowó yín rà. Bí tiyín kò bá jọ tiwọn, epo yín lásán ni ọkọ̀ náà á máa jẹ.

Mi ò ní ka Willys MB, jíìpù Ogun Àgbáyé Kejì, mọ́ ọn. Òun ni baba gbogbo wọn lóòótọ́. Ní oṣù July 1940 ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ 135 pé àwọn fẹ́ ọkọ̀ kékeré kan, wọ́n sì fún wọn ní ọjọ́ 49 péré láti gbé àkọ́kọ́ wá. Iléeṣẹ́ Bantam ló bá ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n Willys àti Ford ló jẹ iṣẹ́ ńlá náà. Lónìí, àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ló ń rà á.

Land Rover ti ara Willys náà jáde tààrà. Maurice Wilks, ọ̀gá ẹnjiníà ní Rover, ní Willys kan lóko rẹ̀ ní Anglesey, ní Wales. Nígbà tó ro ohun tí òun máa fi rọ́pò rẹ̀, ó rí i pé kò sí ọkọ̀ mìíràn tó lè ṣiṣẹ́ yẹn. Lórí ṣáàsì jíìpù ni wọ́n ti to àkọ́kọ́ lọ́dún 1947. Irin ṣọ̀wọ́n ní Britain lẹ́yìn ogun, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní Amsterdam ní oṣù April 1948. Ọkọ̀ àgbẹ̀ tí sójà wá yá lò ni. Ohun tó mú kó rọrùn fún aráàlú nìyẹn: bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi so ọ̀pọ̀ nínú ara rẹ̀, ẹ lè tú ilẹ̀kùn tàbí ìbòrí táyà iwájú rẹ̀ kúrò, kí ẹ gbé òmíràn sí i. Láàárín àwọn ọdún 1960, ológun Britain tilẹ̀ ní kí wọ́n ṣe irú kan tí hẹlikọ́pítà lè gbé, tí wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ láṣọ. Wọ́n pè é ní Lightweight, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá to gbogbo ara rẹ̀ padà, ó wúwo ju ti aráàlú lọ!

Nílé, iléeṣẹ́ Leyland to Land Rover ní Ìbàdàn nígbà kan, nítorí náà ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì àgbà ṣì mọ̀ ọ́n.

Ìtàn G-Wagen yàtọ̀. Daimler-Benz, tó ń ṣe Mercedes nígbà yẹn, àti Steyr-Daimler-Puch ti Austria fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lọ́dún 1972. Ọba Iran fẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àmọ́ ní 1979 gan-an tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Graz ni ìjọba rẹ̀ dojú dé, ọjà náà sì bọ́. Àwọn ológun mìíràn ló wá gbà wọ́n là. Ilẹ̀ Faransé ṣe tirẹ̀, Peugeot P4, tí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù inú rẹ̀ jẹ́ ti 504 tí gbogbo wa mọ̀. Àmì ìràwọ̀ Mercedes kò sí níwájú rẹ̀, ìyẹn sì máa ń dín owó rẹ̀ kù.

Ẹ má fi èyí tí ẹ ń rí ní Lẹ́kkí ṣe òṣùwọ̀n o. 240GD, ọ̀kan nínú àwọn G-Wagen àtijọ́, ní agbára ẹṣin 72 péré, kò ní sáré kọjá danfó. Bí ẹ bá sì rí "Wolf" nínú ìpolówó, ẹ bèèrè dáadáa: G-Wagen ológun Jámánì ń jẹ́ Wolf, Land Rover ológun Britain kan pẹ̀lú ń jẹ́ Wolf.

Humvee ni ọmọ tó yapa. Ohun tí Amẹ́ríkà fẹ́ ni ọkọ̀ kan ṣoṣo tó máa gbé ohun ìjà, gbé aláìsàn, gbé rédíò. Iléeṣẹ́ AM General gba iṣẹ́ ọkọ̀ 55,000 lọ́dún 1983. Wọ́n gbé ọ̀pá ẹ́ńjìnnì wọ inú ara ọkọ̀, wọ́n sì fi gíà sí ẹnu táyà kọ̀ọ̀kan, kí abẹ́ rẹ̀ lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ibi tí ọ̀pá náà gbà ló wá di ògiri láàárín ìjókòó: ẹni mẹ́rin péré ló ń jókòó sínú ọkọ̀ tó fẹ̀ ju mítà méjì lọ. Kò ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tan án, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lè yí swíìṣì rẹ̀ kó sì gbé e lọ. Ẹ ra ṣẹ́ẹ̀nì àti àgádágodo mọ́ ọn.

Nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, G-Wagen ló borí. Nínú èyí tí wọ́n fi ìdè sí, ẹ lè ti dífù (gíà tó ń pín agbára fún táyà) iwájú àti ti ẹ̀yìn pa, kí táyà méjèèjì máa yí pọ̀. Dífù àárín nìkan ni Land Rover 110 lè tì. Bí táyà kan níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn bá ń yí lófìfo, ó ti dúró nìyẹn. Ti Humvee gba ọgbọ́n: ẹ tẹ bíréèkì díẹ̀ bí ẹ ti ń tẹ epo, agbára á lọ sí táyà tó múlẹ̀. Àmọ́ ní òpópónà Mushin, fífẹ̀ rẹ̀ yẹn ni ẹ máa sanwó fún lójoojúmọ́, bí ẹ bá tilẹ̀ rí àyè gbà.

Ti ìwé ńkọ́? Ní London, ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ń san £12.50 lójúmọ́ fún ULEZ, ìyẹn owó èéfín, àfi èyí tó bá ti lé ní ọdún 40 tí wọ́n sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, Land Rover tàbí G-Wagen ológun gbọ́dọ̀ pé ọdún 25 kó tó rọrùn láti kó wọlé. Humvee ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kan lè fún un ní nọ́ńbà kí òmíràn kọ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ bi kọ́sítọ́ọ̀mù léèrè ọjọ́ orí ọkọ̀ kí ẹ tó fowó sílẹ̀, kí ẹ sì kun àwọ̀ sójà yẹn rẹ́ kí ó tó dé ojú títì.

Tèmi, Land Rover 110 tó ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 300Tdi ni máa rà, nítorí ó rọrùn láti tún ṣe, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan tó máa dá a dúró lójú ọ̀nà. Alumíníọ̀mù ara rẹ̀ kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ṣáàsì rẹ̀ ń dípẹtà, nítorí náà ẹ mú òòlù kékeré dání, kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa kàn án wò láti iwájú dé irin ìkẹyìn. Ibi tó bá dún pọ̀-pọ̀, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè.