Òdòdó àìrọ àti bogẹnfílíà: èwo ni kí ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ rà?

Bí èèyàn bá fẹ́ ra òdòdó tó lè fara da ọ̀dá, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi olùtajà ni pé, "Ṣé kò ní kú kí òjò tó dé?" Èmi náà bi í bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ ra òdòdó àìrọ. Olùtajà ní kò ní kú, òótọ́ ló sì sọ. Ọ̀dá ò pa á. Òjò ló pa á.

Mo kọ èyí fún ẹni tó nílé sí Ìjẹ̀bú-Òde, Àgọ́-Ìwòyè, Ìkẹ́nnẹ́, Ṣàgámù tàbí agbègbè wọn, tó fẹ́ igi òdòdó tí yóò bu ẹwà kún iwájú ilé láìjẹ́ pé ó ń pọn omi sí i láràárọ̀. Méjèèjì ni mo ti fowó ara mi rà, tí mo sì ti fọwọ́ ara mi gbìn.

Òdòdó àìrọ ni mo ń pe èyí tí àwọn olùtajà ń pè ní strawflower tàbí everlasting. Ọsirélíà ló ti wá. Xerochrysum bracteatum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó yí ojú òdòdó rẹ̀ ká ti gbẹ látorí igi. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á dún wàràwàrà bíi bébà. Bogẹnfílíà ní tiẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ó ń fà lórí fẹ́ǹsì káàkiri ìlú. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn tó bá ọ̀gákọ̀ Faransé tó ń jẹ́ Bougainville rìn yí ayé ká láàárín 1766 sí 1769 ló rí i nílùú Rio de Janeiro, ni wọ́n bá fi orúkọ ọ̀gá wọn sọ igi náà. Ohun tó pọ́n lára rẹ̀ tí à ń wò kì í ṣe òdòdó. Ewé ni, mẹ́ta mẹ́ta. Òdòdó gan-an ni nǹkan funfun kékeré tó wà láàárín wọn. Ewé tó rí bíi bébà tó ń ṣe bí òdòdó ni à ń rà nínú méjèèjì, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹwà wọn fi ń pẹ́.

Omi

Oṣù kejì ọdún 2024 ni mo ra mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú òdòdó àìrọ, ₦5,000 ní ìkòkò kan, lọ́wọ́ olùtajà kan lẹ́bàá títì ní Èkó. Ojúde Ọba ló wà lọ́kàn mi. Ilé wa ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi máa ń kóra jọ sí kí wọ́n tó jáde, mo sì fẹ́ kí iwájú ilé dùn ún wò. Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí lọ́dún náà, Ojúde Ọba wá jẹ́ ọjọ́ 18. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ bí òjò oṣù kẹfà ṣe rí.

Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, inú mi dùn sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń bomi rin ín, nígbà mìíràn mo máa ń gbàgbé. Oòrùn ọ̀sán tó ń mú kí ewé tẹ̀tẹ̀ sọrí kọ́ kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó ń tanná, ó tún ń tanná.

Oṣù kẹrin ni àmì àkọ́kọ́ dé, mi ò sì mọ̀ pé àmì ni. Ojú òdòdó náà kì í ṣí mọ́ láàárọ̀. Yóò ká jọ bí ẹ̀ṣẹ́ tí èèyàn dì, tó bá di ọ̀sán tí oòrùn mú, á tún ṣí. Nígbà tó yá ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ yẹn ti kú, omi inú afẹ́fẹ́ ló ń darí wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, wọ́n á ṣí. Bó bá rin, wọ́n á pa dé. Bí ilẹ̀kùn onígi ṣe máa ń wú tó sì máa ń há nígbà òjò, tí ọyẹ́ bá dé tí yóò tún máa ṣí fàà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú láti àárọ̀ di alẹ́, òdòdó tí mo fowó rà lè pajú dé fún odindi ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹfà, ewé ìsàlẹ̀ dúdú, ó sì bu. Ọ̀kan dojú bolẹ̀. Mo rò pé ewúrẹ́ ló tì í. Nígbà tí mo fà á, ó bá ọwọ́ mi wá wẹ́rẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ti rà, ó ń rùn bí omi gọ́tà. Kí ọjọ́ Ojúde Ọba tó pé, mẹ́ta ti lọ.

Mo padà lọ bá olùtajà. Ó ní, "Màmá, omi tí ẹ̀ ń bù sí i ló pọ̀ jù." Mo ní láti oṣù kẹrin mi ò tíì bu ife omi kan sí i. Ó ní kí n fi iyanrìn odò po ilẹ̀, kí n sì kọ ebè gíga. Mo ra mẹ́fà mìíràn, mo ṣe gbogbo rẹ̀: iyanrìn, ebè, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lábẹ́. Gbòǹgbò kò rà mọ́, ìmọ̀ràn rẹ̀ ṣiṣẹ́ dé ibẹ̀ yẹn. Wọ́n la àárín oṣù kẹjọ tí òjò dá díẹ̀ já. Nígbà tí àrọ̀ọ̀kúrò wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, orí ewé ni wàhálà ti dé, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ó ń bu látòkè. Ebè kò lè yí afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú padà. Méjì péré ló rí ọyẹ́. ₦50,000 ni mo ná lórí mẹ́wàá, láìka owó ọkọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn, torí ibẹ̀ ni owó mi gbà lọ. Igi tó ń fara da ọ̀dá ti mọ́ ọn lára pé kí afẹ́fẹ́ máa wọ inú ilẹ̀ dé ìdí gbòǹgbò rẹ̀. Bí omi bá kún gbogbo àlàfo inú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, gbòǹgbò ò rí afẹ́fẹ́ mí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ẹ̀rùn tiwa kì í ju oṣù márùn-ún lọ. Oṣù tó kù láàárín ọdún, òjò ló ni ín. Nítorí náà, ará Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tó bá ń béèrè nípa ọ̀dá nìkan ti béèrè ìdajì ọ̀rọ̀.

Bogẹnfílíà náà kò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí òun. Bí ẹ bá gbìn ín sí àkùrọ̀, tàbí síbi tí omi òrùlé ń dà sí, yóò kú. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá ti da gẹ̀rẹ́ díẹ̀ tí omi ń ṣàn lọ, òjò lásán kì í pa á. Ẹ̀ka tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gé fún mi ní Ìkẹ́nnẹ́ lóṣù kẹrin ọdún kan náà, tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan dín díẹ̀, tó nípọn bíi pẹ́ńsùlù, ni mo kì bọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Òjò tó pa òdòdó àìrọ ló mú un ta gbòǹgbò.

Ohun tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa rẹ̀ rèé: nígbà òjò, ewé ló máa ń yọ jù, òdòdó rẹ̀ á dín kù. Ìgbà ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ni ògo rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó tanná ní oṣù kẹfà lè gbin ọ̀kan sínú ìkòkò, kó gbé e síbi tí oòrùn dé ṣùgbọ́n tí òjò kò dé, bí etí fàráńdà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìkòkò gbẹ títí ewé yóò fi fẹ́ máa rọ, kí ẹ tó tún bomi rin ín. Ìyà omi díẹ̀ yẹn ló ń mú un tanná. Mo ṣe é lọ́dún 2025, tí Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, ó pọ́n gbàù níwájú àwọn àlejò wa.

Oòrùn. Méjèèjì fẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ẹ má gbìn wọ́n sábẹ́ máńgòrò.

Ajílẹ̀. Díẹ̀ ni méjèèjì ń fẹ́. Ìgbẹ́ adìẹ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ èèyàn sì máa ń yá láti dà á sídìí igi. Ẹ̀gbọ́n mi da àpò kan sídìí bogẹnfílíà rẹ̀, ewé tútù yọ̀yọ̀ ló rí fún bí ọdún kan, kò rí òdòdó.

Gbígbìn. Gbòǹgbò bogẹnfílíà tín-ín-rín, kíá ló ń já. Bó bá wà nínú ọ̀rá dúdú, ẹ fi abẹ la ọ̀rá náà nínú ihò tí ẹ gbẹ́. Ẹ má ṣe di igi mú kí ẹ fà á yọ. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ní ó "kọ̀ láti mú", fífà yẹn ló pa á.

Ẹ̀gún. Bogẹnfílíà ní, ó sì mú. Ẹ gbé e jìnnà sí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá ń gé e. Òdòdó àìrọ kò ní ẹ̀gún.

Gbígbá. Ewé bogẹnfílíà tó ń já máa ń kún ojú gọ́tà. Ìgbálẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́.

Gígé sínú ilé. Níbí, òdòdó àìrọ ló jù. Èyí tí mo gé ní oṣù kìíní, kí ojú rẹ̀ tó là tán, tí mo so ní àdoríkodò nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, wà lórí tábìlì wa títí di oṣù kẹsàn-án láì yí àwọ̀ padà. Bogẹnfílíà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ ológbà káàkiri ayé ń gbin òdòdó àìrọ bí ohun tí wọn yóò tún gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Bogẹnfílíà lè bá ilé dàgbà.

Ṣé òdòdó àìrọ ò wá dára ni? Ó dára. Ẹni tó ní fàráńdà tí oòrùn ń wọ̀, tí òjò ò dé, tó sì fẹ́ gé òdòdó gbẹ, kó ra méjì sínú ìkòkò nígbà tí òjò bá dá ní oṣù kọkànlá, kó gbádùn rẹ̀ títí di oṣù kẹta, kó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó máà kọjá ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbìn sílẹ̀ gbalasa níwájú ilé, kó lọ gé ẹ̀ka bogẹnfílíà lọ́wọ́ ará àdúgbò. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí ó bá jẹ́ pé ojú òdòdó gbígbẹ gan-an lẹ fẹ́, ẹ béèrè gomphrena, èyí tó rí roboto bíi bọ́tìnì, tó ní àwọ̀ àlùkò tàbí funfun. Òun náà ń dún bíi bébà, ó ṣeé gé gbẹ, òjò kì í sì í pa ojú rẹ̀ dé. Lóòótọ́, kì í lò ju ọdún kan, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, ó sì ń hù fúnra rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan tí òdòdó rẹ̀ funfun ń hù lẹ́bàá títì wa láìsí ẹni tó gbìn ín, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọye ìgbà. Ìdí bogẹnfílíà mi ni mo gbin gomphrena sí, òun ló ń tanná nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń yọ ewé.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ rajà, ẹ má lọ ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí gbogbo òdòdó ń dára. Ẹ lọ ní oṣù keje. Ẹ wo èyí tí olùtajà kó sí gbangba, kì í ṣe èyí tó kó sábẹ́ tapólì. Ẹ gbé ìkòkò náà sókè, ẹ wo ihò ìdí rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ṣì le dáadáa lábẹ́ òjò yẹn, tí ìdí rẹ̀ kò rùn, òun ni kí ẹ sanwó fún.